Ìkúnlẹ̀ Ẹlẹ́ẹ̀kejì

Ọpẹ́ ni mo bá lọ sí Korea. Mi ò bá afẹ́ lọ, mi ò sì bá ọjà lọ. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó mọ ohunkóhun mìíràn, nítorí àwọn tó bá mi lọ mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Ọmọbìnrin mi, ọ̀kan ṣoṣo tí mo bí, ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú àtijọ́ kan níbẹ̀. Igi ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé ibẹ̀, amọ̀ sísun dúdú ni wọ́n fi bo òrùlé wọn, etí òrùlé náà sì ká sókè bíi fìlà abetí-ajá. Yàrá kan ni ọmọ mi háyà nínú ilé ìyá àgbà kan. Ní ọdún kejì tó débẹ̀, àìsàn inú kọlù ú, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde nígbà yẹn. Bí mo bá jáde ní Amẹ́ríkà, mi ò ní lè padà wọlé. Inú apartment mi ní Brays Oaks, ní Houston, ni mo wà, mo gbé fóònù ti ife omi, mò ń wo ọmọ mi tó dùbúlẹ̀ ní òdìkejì ayé.

Nígbàkúùgbà tí mo bá pè, ọwọ́ kan máa ń wọ inú àwòrán náà. Ọwọ́ àgbà ni, ó ti hunjọ, ó mú ṣíbí dání. Ó pẹ́ kí n tó rí ojú ìyá àgbà onílé ọmọ mi tó ni ọwọ́ náà. Wọ́n máa ń se ìrẹsì títí á fi rọ̀ bí ògì, wọ́n á bu ú sí ọmọ mi lẹ́nu, wọ́n á sì fi ìka nu ètè rẹ̀. Ọmọ mi sọ fún mi pé bí òun bá kérora lóru, òun máa ń gbọ́ tí wọ́n ń dáhùn lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí wọ́n tẹ́ ẹní sí.

Mo dúpẹ́ lórí fóònù, ọmọ mi sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mi ò tíì dúpẹ́. Irú oore bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn lọ dúpẹ́ rẹ̀, orúnkún ni a sì fi ń sọ ọ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìyá mi kò jẹ́ kí òwe yẹn sinmi nílé wa. Lọ́jọ́ tí ìwé mi jáde, èmi tí mò ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ daycare, kí n tó bọ́ ẹ̀wù ìdáná mi lọ́rùn ni mo ti mọ ibi tí mo máa kọ́kọ́ lọ.

Ìpàdé àsàlátù àwa obìnrin ni mo ti sọ ọ́. A pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà tí a jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, nítorí náà àdúgbò ni a fi ń pe ara wa, àfi èmi tí wọ́n sọ ní Jẹ́jẹ́ẹ́ nítorí pé n kì í bá èèyàn jà. Àwọn méjì ló sún mọ́ mi jù. Clear Lake jẹ́ apoògùn, ọkọ rẹ̀ jẹ́ ẹnjiníà, kò sì sí ètò tí a ṣe tí kì í ṣe òun ló di gbohùngbohùn mú. Deer Park kéré sí mi, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọpo. Ẹlẹ́fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ibi tí Clear Lake bá tẹ̀ sí ni òun náà máa ń tẹ̀ sí.

Clear Lake fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ. Lójú rẹ̀, "ẹ" àti "wọ́n" ni mò ń lò fún un, mi ò sì ní yéé lò ó, torí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fipá mú mi lò ó nínú ohun tí mò ń fi ọwọ́ ara mi kọ. Níhìn-ín, "ó" ni màá máa pè é. Ìyá àgbà ará Korea ni màá máa pè ní "wọ́n."

"A á bá ẹ lọ!" ni Clear Lake wí lọ́jọ́ náà. "Ìwọ Jẹ́jẹ́ẹ́, o fẹ́ dá lọ dúpẹ́ bí ẹni tí kò léèyàn? Ọmọ ẹ, ọmọ gbogbo wa ni."

Deer Park pàtẹ́wọ́. "Àǹtí mi, ẹ̀yin tí ẹ kì í lè sọ fún ẹni tó ń gbé pizza wá pé kì í ṣe ilé yín ló ń wá! Ẹ fẹ́ dá lọ sí Korea? Wọ́n á fi yín ṣe kimchi, ewébẹ̀ kíkan wọn yẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Ọpẹ́ ẹni mẹ́ta wúwo ju ọpẹ́ ẹnìkan lọ. Nílé wa, bí oore bá tóbi, a máa ń kó èèyàn sẹ́yìn lọ dúpẹ́ rẹ̀ ni, kí olóore lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹnìkan péré ni òun ṣe lóore.

Ọmọ mi wá pàdé wa ní pápákọ̀ òfuurufú, a sì jọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú náà. Inú ọkọ̀ yẹn ló ti bá wa sọ̀rọ̀. Houston ló dàgbà sí. Yorùbá rẹ̀ kò ju ti oúnjẹ àti ìkíni lọ, ṣùgbọ́n ó sapá.

"Mummy, àwọn aunties, ẹ gbọ́. Tí a bá rí Halmoni, ẹ kúnlẹ̀ once." Halmoni ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níbẹ̀. "Once, ó parí. Ẹ̀ẹ̀mejì, that's for òkú. Tí èèyàn bá ti kú, wọ́n á kúnlẹ̀ for the person ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ má ṣe é for ẹni tó ṣì wà láyé, please."

"Ṣé a ò ní forí kanlẹ̀ ṣá?" ni Deer Park bèèrè. "Ọlọ́run nìkan là ń forí kanlẹ̀ fún o."

"Rárá, Auntie. Ẹ kàn kúnlẹ̀ bíi tiwa."

"Ó yé wa," ni Clear Lake wí. Kò gbójú sókè. Ó ń wo àwọ̀ aṣọ lórí fóònù rẹ̀. "Àmọ́ ta ló ń ka ìkúnlẹ̀ ní tiwa? Èèyàn á máa sọ ọ́, á máa kúnlẹ̀ ni. Ọpẹ́ kì í pọ̀ jù."

"Ní ilé wọn la ń lọ," ni mo wí. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni ká ṣe é."

"Jẹ́jẹ́ẹ́ ti sọ̀rọ̀!" ni Deer Park wí. "Ẹ jẹ́ ká ṣàmì sí òní."

Ní ọjọ́ kejì tí a débẹ̀, ọmọ mi ti sọ fún Halmoni pé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán la máa dé. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ìtajà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń háyà aṣọ ayé àtijọ́ fún àlejò, síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ bí agboòrùn, pẹ̀lú ẹ̀wù kékeré tí wọ́n fi okùn dè láyà. Clear Lake ní òun gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Ó wọ aláwọ̀ ewé, kò bá ìborùn rẹ̀ mu. Ó bọ́ ọ, ó wọ aláwọ̀ òféfèé. Deer Park náà wọ tirẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò lẹ́nu géètì, wọ́n yà á lábẹ́ igi, wọ́n ní kí àlejò kan tí a kò mọ̀ rí bá wọn yà á níbi ògiri òkúta. Èmi dúró pẹ̀lú àpò ẹ̀bùn lọ́wọ́ mi: òrí tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti ilé, àti àdìrẹ kan tí mo ṣẹ́ etí rẹ̀ fúnra mi.

"Àǹtí, wọ́n ń retí wa," ni mo wí.

"Àgbàlagbà ni wọ́n, níbo ni wọ́n ń lọ?" ni Clear Lake dáhùn. "Tú ojú ká, jàre. Ojú ẹ dà bí ẹni tí wọ́n jí adìyẹ ẹ̀ gbé."

Ọmọ mi ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń wò mí. Mo gbé àpò náà sí ọwọ́ kejì. Àwọn èèyàn rò pé ẹni tó bá dákẹ́ kò ní nǹkan kan nínú. Ó ń hó nínú mi bí omi inú ìkòkò tí a dé pa.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń bọ̀ nígbà tí a dé ilé náà. A bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀ yàrá náà gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀, torí abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ilé gbóná níbẹ̀. Halmoni jókòó sórí tìmùtìmù. Wọ́n kéré sí bí mo ṣe rò ó. Wọ́n ti wọ aṣọ ọdún wọn, wọ́n ti fi òróró pa irun wọn mọ́lẹ̀, wọ́n sì kun ètè. Tábìlì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn àwo kéékèèké kún orí rẹ̀, wọ́n ti fi àwo mìíràn dé gbogbo rẹ̀ kó má baà tutù. Èmi tí mò ń se oúnjẹ jẹun mọ oúnjẹ tó ti dúró pẹ́.

Mo kúnlẹ̀. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi láti Houston, nínú ilé ìdáná daycare, lórí freeway, lórí ẹní ìrun. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé mo mọ ọwọ́ wọn kí n tó mọ ojú wọn. Mo gbójú sókè. Halmoni ti na ọwọ́ náà sí mi.

"Ẹ ṣé, mà," ni mo bẹ̀rẹ̀. "Mo mọ ọwọ́—"

"Mama, thank you! Thank you for our daughter!" Clear Lake ló kígbe bẹ́ẹ̀. Ó sì yíjú sí fóònù tó fi ti ògiri. "Áà! Kò ká a. Iná pupa ò tàn. Ẹ dìde, ẹ dìde, ká tún un ṣe."

Ó dìde. Deer Park dìde, ó ń fa síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Mi ò dìde. Ọmọ mi ní, "Auntie, no, Auntie, ẹ jọ̀ọ́," ṣùgbọ́n Clear Lake ti tẹ fóònù náà, ó ti padà wá, ó sì fa Deer Park lọ́wọ́. Wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n kúnlẹ̀ dáadáa, wọ́n rọra ṣe é, wọ́n tẹrí ba, torí iná pupa ti tàn.

Ọwọ́ tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi dúró sójú afẹ́fẹ́, ó sì padà. Mi ò rí i kí ojú àgbà pa dé báyẹn rí. Halmoni wo àwọn obìnrin méjì tó wà nílẹ̀ níwájú wọn nínú aṣọ àwọn ará ìlú wọn. Wọ́n sọ nǹkan kúkúrú kan. Wọ́n di ògiri mú, wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì fa ilẹ̀kùn oníbébà náà dé.

"Kí ni wọ́n sọ?" ni mo bi ọmọ mi.

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Wọ́n ní... wọ́n ní òkú kọ́ ni àwọn, àwọn ṣì ń jẹun."

Kò sí ẹni tó ṣí àwo kankan lórí tábìlì yẹn.

"Ó ti rẹ̀ wọ́n ni," ni Clear Lake wí nígbà tí a jáde. "Àgbà ni wọ́n." Ó ń wo fídíò náà bó ṣe ń rìn. "Ó mà jáde dáadáa o. Ẹ wo bí a ṣe jọ kúnlẹ̀, bí ẹni tó ń jó sí ìlù kan náà."

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni."

"Jẹ́jẹ́ẹ́, ìwọ náà! Ọmọ Yorùbá kúnlẹ̀ fún àgbà ní Korea, o ní kí n fi í pamọ́? Àṣà wa la gbé ga."

"Wọ́n ní a fi wọ́n ṣe òkú, mà."

"Ṣé wọ́n kú ni?"

Deer Park rẹ́rìn-ín. Kí a tó dé ibi tí a wọ̀ sí, fídíò náà ti dé Houston.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo jí ọmọ mi. Mo ní a ń padà lọ. Ẹni tí wọ́n ṣe lálejò lánàá, tí kò padà lọ kí wọn pé "ẹ ṣé àná," mi ò mọ irú ìyá tó tọ́ ọ. Mo rò pé ibi tí màá ti tún un ṣe nìyẹn: màá dúpẹ́ àná, màá sì gba ẹnu ibẹ̀ dúpẹ́ ohun tí mo bá wá.

Ẹnu géètì ni ọmọ mi ti dúró. "Mummy, mi ò lè sọ 'ẹ ṣé àná.'"

"Kí ló dé?"

"Kò sí i ní tiwọn. Tí mo bá sọ ọ́, it means ẹ ń thank wọn for yesterday. For what we did yesterday. Àná ò dáa, Mummy."

Mo dúró síbẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ní lẹ́nu jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nílé, ọ̀kan kò sì wúlò. Inú tún bí mi, àní sí "ẹ ṣé àná" fúnra rẹ̀.

Halmoni wà ní àgbàlá, wọ́n lóṣòó, wọ́n ń gé ìrù ewébẹ̀ kúrò sínú abọ́ ńlá. Wọ́n ti bọ́ aṣọ ọdún. Wọ́n rí wa, wọn kò dìde. Mo rìn lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù náà lẹ́ẹ̀kan, mo sì dúró lórí orúnkún mi.

Wọ́n gé ewébẹ̀ bíi mélòó kan sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ̀rọ̀ sí ọmọ mi láìwò mí.

"Wọ́n ń bèèrè bóyá ìkejì ń bọ̀," ni ọmọ mi wí.

"Sọ fún wọn pé rárá. Ọ̀kan ni mo mú wá."

Ó sọ ọ́. Ohùn kan jáde nímú Halmoni, mi ò lè pè é ní ẹ̀rín pátápátá. Wọ́n nu ọwọ́ wọn mọ́ aṣọ, wọ́n sì gbé e lé èjìká mi. Ó tutù, omi ewébẹ̀ wà lára rẹ̀. Nígbà náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá láti Houston: pé mo mọ ọwọ́ yìí kí n tó mọ ojú wọn, pé nígbà tí èmi kò lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi, ọwọ́ yìí débẹ̀. Ọmọ mi ń túmọ̀, ó ń sunkún, ó ń tún un tú. Halmoni ń mi orí díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ̀yin rèé! A ti wá yín títí!"

Clear Lake ni, lẹ́nu géètì, fóònù rẹ̀ ti wà lókè. Deer Park wà lẹ́yìn rẹ̀. "Má dìde, Jẹ́jẹ́ẹ́, dúró bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ yẹn dáa. Kí màmá tún gbé ọwọ́ lé ẹ léjìká—"

Mo dìde. Orúnkún mi méjèèjì dọ̀tí. Mo rìn lọ sí géètì náà, mo sì gbé ọwọ́ lé e.

"Àǹtí, ẹ má wọlé."

"Kí lo wí?"

"Mo ní kí ẹ má wọlé, mà."

Ó wo Deer Park, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀. "Ṣé èmi ni Jẹ́jẹ́ẹ́ ń bá wí?"

"Àǹtí mi," ni Deer Park wí sí mi, kò sí ẹ̀fẹ̀ nínú ohùn rẹ̀ mọ́, "òtútù wà níta o."

Mo ti géètì náà. Ó ní igi kan tí wọ́n fi ń há a láti inú; mo fi há a. Mo gbọ́ tí Clear Lake ń pe orúkọ mi níta, orúkọ mi gangan, kì í ṣe Jẹ́jẹ́ẹ́. Halmoni ti gbé ọ̀bẹ wọn, wọ́n tún na ọ̀kan sí mi. Mo lóṣòó tì wọ́n, mo sì bá wọn gé ewébẹ̀.

A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tí a dé Houston, ó ti ròyìn mi ká: mo ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbà, nínú òtútù, ní ìlú àjèjì, àgbà tó sìn mí débẹ̀. Ní àsàlátù, àwọn obìnrin ń yìn ín nítorí fídíò náà, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo èmi. Wọ́n ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní àgbà kì í ṣẹ̀. Ẹnìkan nínú wọn ti gbé fídíò náà síta, níbi tí gbogbo ayé ti ń wo nǹkan, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí a wo ojú ìyá, ẹ̀rù bà wọ́n, wọn ò rí irú ìkúnlẹ̀ báyìí rí. Àwọn èèyàn ń fi àwòrán ẹ̀rín dáhùn, ìlà lórí ìlà.

Nígbà tó yá, ọmọ mi pè. Ọmọ ilé ìwé rẹ̀ kan ti rí i, ó sì ti fi í han ìyá àgbà tirẹ̀, ìyẹn sì mọ Halmoni. Halmoni ní kí ọmọ mi fi í han àwọn. Wọ́n wò ó tán. Wọ́n bèèrè ohun tí àwọn ojú kéékèèké tó ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀ yẹn ń rẹ́rìn-ín sí.

"Kí lo sọ fún wọn?" ni mo bi í.

"Mo ní mi ò mọ̀, Mummy."

Mo ké fóònù náà, mo pe Clear Lake. Ó gbé e.

"O ti ṣe tán láti bẹ̀ mí?"

"Rárá, mà. Ẹ yọ fídíò yẹn, ẹ sì sọ fún ẹni tó gbé e síta kó yọ ọ́."

"O ti àgbà mọ́ta, o wá ń pàṣẹ fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mo tì yín mọ́ta. Ẹ yọ ọ́."

"Èmi tí mo fi owó ara mi bá ẹ lọ sí—"

"Ẹ yọ ọ́, Àǹtí. Àwọn tó tọ́jú ọmọ mi ń wò ó, wọ́n sì ń bèèrè ohun tí ẹ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí ni kí ọmọ mi sọ fún wọn?"

Mo gbọ́ tẹlifísọ̀n ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Mo di fóònù náà mú títí ó fi ké e.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí i mọ́, ìyẹn inú ẹgbẹ́ àti ìyẹn ìta. Clear Lake kò pè mí. Deer Park ló kọ̀wé sí mi: "Àǹtí mi, wọ́n ti yọ ọ́ o, nítorí tiyín. Ẹ ṣáà pè wọ́n, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ọ̀rọ̀ yìí tán."

Mo kà á. Mo kọ ọ́ padà sí i pé mo ti rí i, àti pé mi ò ní dúpẹ́.